Obì Kan Nínú Yàrá Òfìfo

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ obì, èékánná rẹ̀ ni kí ẹ wò. Tèmi kò gùn rí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá, bẹ́ẹ̀ mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Màmá àgbà ń gé èékánná bíi sójà. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín wọn lọ. Èékánná gígé yìí ló rán ìyá wọn nílé ìwé.

Ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí òun máa ṣe ló ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ lè rí i kà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ má retí pé màá sọ iye tí mo ń gbà fún yín o. Owó ìgbà yẹn kò lè ra ìṣáná lónìí. Iṣẹ́ la fẹ́ sọ.

Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti mú mi wá sí Agége. Nígbà náà, oko obì ló lọ salalu títí dé ìhà Ìkẹjà. Gbànja ni mò ń wí, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní góòrò, kì í ṣe obì àbàtà. Àwọn Hausa a máa rà á, wọn a sì fi ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ sí Kánò. Ọ̀nà náà jìn, bẹ́ẹ̀ obì kò fẹ́ ooru, kò fẹ́ ọ̀rinrin, kò fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀, kò sì fẹ́ kí a sé òun mọ́lé. Ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ni. Iṣẹ́ wa ni láti bó o, ká fọ̀ ọ́, ká ṣà á, ká fi ewé gbòdógì dì í sínú apẹ̀rẹ̀, ká sì máa tọ́jú rẹ̀ nínú yàrá títí ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbé e.

Ìyá Rábì ni ọ̀gá mi. Ìbátan bàbá mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bí wọ́n ṣe ń lò mí, ẹ ò ní mọ̀. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, gbogbo àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ a na ọwọ́ wa síwájú wọn, wọn a wo èékánná wa níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá yọ díẹ̀, kò ní fọwọ́ kan obì lọ́jọ́ náà. Ibi tí èékánná bá ti ha obì lára, ibẹ̀ ni yóò ti dúdú, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti máa jẹrà. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi fọ ewé, mi ò ṣe nǹkan mìíràn. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n fọwọ́ kan obì, wọ́n fi ìborùn di mí lójú, wọ́n ní kí n máa fi ìka wá èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Wọ́n ní ojú a máa tan ènìyàn, ìka kì í tanni. Èyí tí mo bá fò, wọn a ní kí n jẹ ẹ́, tòun ti kòkòrò inú rẹ̀. Lọ́dún náà, mo jẹ kòkòrò ju adìẹ lọ.

Àmọ́ nínú gbogbo òfin Ìyá Rábì, ọ̀kan wà tí mi ò rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní gbogbo Agége. Wọn kì í gbé obì wọ yàrá tuntun láìdán yàrá náà wò. Wọn a mú obì kan tó dára jù, wọn a fi ewé kan ṣoṣo wé e, wọn a gbé e sí ìdí ògiri nínú yàrá òfìfo náà, wọn a sì ti ilẹ̀kùn. Ó di ọjọ́ keje kí wọ́n tó tú u. Bó bá ń dán, tó tutù lọ́wọ́, yàrá náà gbà á nìyẹn. Bó bá hunjọ, yàrá gbóná jù. Bó bá hu èbu, ọ̀rinrin pọ̀ níbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ obì yòókù a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ìyá Rábì ń fi obì ṣe àlejò. Ìyá Rábì kì í dá wọn lóhùn. Obì wọn ló máa ń dé Kánò láìlábàwọ́n.

Mo gbòmìnira, mo lọ́kọ, mo ń dá gba iṣẹ́. Bíríkìlà ni ọkọ mi, Bàbá Ìbídùn. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kọ́ ilé fún àwọn òyìnbó ní Ìkẹjà, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá níbi tí oko obì wà tẹ́lẹ̀. Mo máa ń bú u nígbà mìíràn pé òun ló ń bá wọn gba oúnjẹ lẹ́nu mi. A rí yàrá méjì gbà nínú ilé amọ̀ kan lẹ́yìn rélùwéè Agége, ògiri rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ tutù lọ́sàn-án gangan. À ń sùn nínú ọ̀kan, obì gba ìkejì. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí síbẹ̀. Ìbídùn nìkan ló dúró.

Láti ìgbà tí Ìbídùn ti lè jókòó ló ti ń jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú yàrá obì. Ó ń to ewé fún mi, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ tí kò lópin. Bí mo bá gé èékánná tèmi, á na ọwọ́ tirẹ̀ náà síwájú mi. Kò sí ìgbà kankan láyé mi tí mo ní tó ìgbà yẹn. Ká sọ pé mo mọ̀ ni, ǹ bá ti rọra máa di obì náà, kí ìgbà yẹn má tètè tán.

Ọdún tí ìwé ọ̀fẹ́ dé, a mú un lọ sí ilé ìwé tó wà nítòsí wa. Gbogbo Agége ló kó ọmọ wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ ń jókòó sílẹ̀, wọ́n ń jókòó lójú fèrèsé, tíṣà kan ní ń bójú tó èrò bíi ti ọjà. Ṣùgbọ́n èèyàn gidi ni tíṣà náà. Kò tíì pé ọdún kan tó fi wá sílé wa, ó ní Ìbídùn ti mọ gbogbo ohun tí òun fẹ́ fi ọdún náà kọ́ wọn, òun sì ń rí i tó ń jókòó sẹ́yìn láìrí nǹkan ṣe. Ó ní ká mú un lọ sí Èbúté Mẹ́ta, pé ibẹ̀ ni àwọn ilé ìwé tó lè gbé e dé kọ́lẹ́ẹ̀jì wà.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ò sí nílé wa mọ́. Bàbá Ìbídùn ti pinnu kí tíṣà tó dìde lórí àga. Ohun tó ń ṣe é yé mi. Nígbà kan, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara pátákó níbi iṣẹ́ wọn pé gbogbo wọn ti ṣí lọ síbòmíràn. Òun ò mọ̀wé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń jí lọ jókòó níbi tí kò sẹ́nikẹ́ni, ó ń retí ọ̀gá rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún èèyàn kankan àfi èmi. Ó ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, pé ká kó lọ.

Mo bi í pé iṣẹ́ mi ńkọ́. Mo ní ṣé nínú ilé onípáànù Èbúté Mẹ́ta ni màá ti máa tọ́jú obì?

"Obì kì í ṣe ọmọ," ó ní.

Ṣùgbọ́n èmi náà mọ ohun tí kò sọ. Bí òjò bá ti dé, iṣẹ́ bíríkìlà a dúró, obì ní í gbọ́ bùkátà wa títí ẹ̀ẹ̀rùn. Mo lọ bá Ìyá Rábì, mo rojọ́ mi fún wọn láti òkè délẹ̀. Mo rò pé wọ́n á ní kí n má lọ. Wọ́n kàn ní, bí a bá rí yàrá gbà, kí n dán an wò.

A rí yàrá. Ilé ìwé náà gba Ìbídùn, wọ́n ní kó wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọjọ́bọ̀ ni onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́. Apẹ̀rẹ̀ obì méjìlá ló wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, ti Alájì Ìdí, oníbàárà mi ará Kánò, tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ìparí oṣù. Ó yẹ kí n kó o ti Ìyá Rábì. Wọ́n ní àyè. Ìgbéraga ni mi ò fi kó o síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pè é ní orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ọkọ mi rí i, kí Ìyá Rábì náà sì rí i, pé kò síbi tí wọ́n gbé mi dé tí mi ò ti ní lè ṣiṣẹ́ mi.

Bí a ṣe ń di ẹrù, Ìbídùn jáde láti yàrá obì. Ó ti mú gbànja kan tó pọ́n, ó ti fi ewé wé e dáadáa.

"Ìyá mi, a ò tíì dán yàrá wò," ó ní.

Mo ní ilé ìwé ò lè dúró de obì. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tú ewé rẹ̀, mo sọ ọ́ padà sínú apẹ̀rẹ̀, mo ní kó lọ wọ bàtà.

Páànù ló borí ilé náà, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ rẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé tààrà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ewé orí apẹ̀rẹ̀ ti gbẹ. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ní Agége bí ọyẹ́ bá mú ni mo ṣe: mo ń wọ́n omi sí i láàárọ̀, mo ń wọ́n ọn lálẹ́. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ilẹ̀ amọ̀ a máa mu omi. Sìmẹ́ńtì kì í mumi. Gbogbo omi tí mò ń wọ́n ló ń dúró sí ìdí apẹ̀rẹ̀, ooru páànù sì ń sè é. Lójú tèmi, ewé tutù, ọkàn mi balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo jí, mo gbóòórùn kan bíi ti omi ògì tó ti pẹ́ jù. Mo ti ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́, ó wọlé wọ̀ọ̀ bí ẹni ti ọwọ́ bọ ẹ̀kọ. Mi ò ní láti tú èyí tó kù, ṣùgbọ́n mo tú u. Ìdajì apẹ̀rẹ̀ kan péré ló yọ.

Ìbídùn ti ilé ìwé dé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù tuntun lọ́rùn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. Ó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó ká a, ó sì lóṣòó tì mí, ó ń bá mi ṣà.

Mo ránṣẹ́ sí Ìyá Rábì, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin wá lọ́jọ́ kejì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, torí mi ò mọ bí mo ṣe máa kúnlẹ̀ tó. Wọ́n fọwọ́ kan obì náà, wọ́n gbóòórùn ìka wọn, wọ́n bi mí bóyá mo dán yàrá wò. Mo ní rárá. Wọn ò pariwo. Ìbá sàn fún mi kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn máa lọ bá Alájì Ìdí, pé ọ̀rọ̀ àgbà sí àgbà ni. Mo sìn wọ́n dé ìdíkọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti yíjú sí mi.

"Yàrá yẹn ti gba ọmọ rẹ," wọ́n ní. "Kò gba obì. Ìwọ ló kù tí o máa mọ èyí tó o máa tẹ̀ lé."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, tí ẹ̀ ń wá iṣẹ́, ibi tí iṣẹ́ ti máa ń le gan-an nìyí, kì í ṣe nídìí kíkọ́ ọ. Òjò ti ń ṣú. Bí mo bá jókòó ti Ìbídùn ní Èbúté Mẹ́ta láìní iṣẹ́, kí òjò tó dá, a ó ti kó padà sí Agége, òun náà á padà sí ojú fèrèsé ilé ìwé onítíṣà kan. Kí ọmọ mi tó lè wà níbẹ̀, èmi kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, ibì kan náà ló ń já sí. Àbúrò ọkọ mi, Bọ́lá, tí kò tíì lọ́kọ, kó wá máa bá Ìbídùn àti bàbá rẹ̀ gbé. Èmi kó padà sínú ilé amọ̀.

Ọdún méje. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo lè máa lọ, màá wọ ọkọ̀ àárọ̀, màá wọ ti ìrọ̀lẹ́ padà, torí obì kì í gbọ́ pé ọjọ́ ìsinmi ni. Màá yan ẹja, màá dì í lọ. Màá gbé ìyarun dání pé èmi ni màá dirun rẹ̀, màá débẹ̀, Bọ́lá ti dì í, ó sì ti dára. Ara rẹ̀ á gbóná lọ́jọ́ Túsìdeè, á ti yá kí n tó gbọ́. Ọmọ dáadáa ni Bọ́lá, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Lọ́jọ́ kan mo dé, mo gbọ́ tí Ìbídùn ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyá mi Agége ló dé." Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Orúkọ tó mọ̀ mí mọ́ nìyẹn. Mo sunkún nínú ọkọ̀ padà, nígbà tí ẹni tó jókòó tì mí béèrè, mo ní èéfín èédú ló kó sí mi lójú. Àwọn àgbà ní a kì í du orí olórí kí àwòdì gbé tẹni lọ. Láti Yábà dé Ọ̀ṣọ́dì, òwe yìí ni mò ń bá jà. Mo sọ fún un pé orí tèmi náà ni mò ń dù. Kò gbà.

Obì tèmi kò sì bàjẹ́ mọ́ láti ìgbà náà, ẹ gbọ́ o. Mo dára nínú iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ni mo tún ní láti máa wò?

Èyí tó kù kò gùn. Ìbídùn wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó lọ gbé ibẹ̀, bàbá rẹ̀ padà wá bá mi ní Agége. Ìyá Rábì kú, mo gba ipò wọn, mo ń wo èékánná àwọn ọmọ ọlọ́mọ láràárọ̀. Lọ́rí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin. Àpò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ apẹ̀rẹ̀, ọ̀rá gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ewé. Wọ́n wá kó oògùn kòkòrò dé, wọ́n ní kí n máa bù ú lé obì lórí. Mo ní ohun tí èèyàn ń fi ẹnu jẹ? Mo lé wọn. Àwọn igi obì wá ń tán, ilé ń kún ibẹ̀. Nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ, mi ò wá òmíràn.

Ìbídùn di tíṣà, ó di ọ̀gá ilé ìwé, ó kọ́lé sí Ìkẹjà. Kò sí ohun tí kò ṣe fún mi. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀wọ̀ fún mi bí ẹni ń bọ̀wọ̀ fún àlejò. Bó bá wá, á kúnlẹ̀ dáadáa, á béèrè àlàáfíà mi, á wo aago. Ara kò tú wa bíi ti ìgbà àpótí. Mo gbà pé iye tí mo ra ìwé rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, ó ní kí n wá máa bá òun gbé. Mo ní yàrá sìmẹ́ńtì kò bá mi lára mu. Ó tún wá, mo tún kọ̀. Nígbà kẹta tí mo kọ̀, kò jiyàn, ó kàn ní, "Ó dáa, Ìyá mi," ó sì lọ. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Inú mi bàjẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ó lé ní oṣù kan kó tó padà wá. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó sì gbé nǹkan kan lé mi lọ́wọ́ tí a fi ewé gbòdógì wé. Mi ò mọ ibi tó ti rí ewé gbòdógì ní Ìkẹjà.

"Ẹ tú u," ó ní.

Mo tú u. Gbànja pupa kan ni. Mo fi àtàǹpàkò gba ara rẹ̀ kọjá. Ó tutù, ó ń dán, kò sí àbàwọ́n kan lára rẹ̀.

"Ọjọ́ méje ló lò ní ìdí ògiri. Yàrá tí mo kọ́kọ́ ṣe sílẹ̀ fún yín, ó hunjọ níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe àjà sí i, ó tún hunjọ. Mo wá gbé e sí yàrá tèmi. Tèmi ló gbà á, Ìyá mi. Mo ti kó ẹrù mi kúrò níbẹ̀."

Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti bá mi ṣa obì jíjẹrà pẹ̀lú aṣọ abẹ́ yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, òun ti mọ̀ pé nítorí ilé ìwé òun ni obì ṣe bàjẹ́, nítorí rẹ̀ náà ni mo ṣe lọ, òun ò sì mọ ojú tí òun lè fi wò mí. Gbogbo ọdún yìí! Èmi rò pé mo ti di àlejò lójú rẹ̀. Òun rò pé òun jẹ̀bi mi.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí n lè rí ibi gbé ojú sí. Ni mo bá rí èékánná rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé, ìyàwó olówó, ó gé e dé ẹran, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò mọ̀ bóyá kí ẹ ṣí nílé nítorí ìwé tàbí kí ẹ má ṣí. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, ẹ bi í léèrè ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí ẹ fún ibi tuntun ní ọjọ́ méje, kí ẹ sì gbọ́ ti ọmọ tó bá mú obì wá.

Ọjọ́ Sátidé la kó ẹrù mi lọ sí Ìkẹjà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a jókòó nínú yàrá, òun lórí àpótí mi àtijọ́, èmi lórí bẹ́ẹ̀dì. A gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin lọ́ọ̀ọ́kán, irú ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ tí mo máa ń wọ̀ padà sí Agége. Ìbídùn wò mí. Mo jókòó síbẹ̀.